Ẹni tó ti sunkún síbí látọdún 1996

Nígbà bréèkì lónìí ni mo sá wọ láíbìrì torí ariwo kíláàsì wa ti pọ̀ jù. SS2 ni wá, WAEC ọdún tó ń bọ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu wa, bí tíṣà bá ní ká lọ kàwé past question ló ń sọ, kì í ṣe ìwé ìtàn, ó sì máa ń dùn mí gan-an. Mo ń nu eruku lára àwọn ìwé tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni mo bá rí ìwé ìtàn Yorùbá kan tí ẹ̀yìn ẹ̀ ti já, tó ń rùn bí àpótí aṣọ ìyá àgbà.

Bébà tí wọ́n máa ń lu sítáǹbù sí ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tó yá a kẹ́yìn, oṣù kẹta 1996! Wọn ò tíì bí ẹ̀gbọ́n mi àgbà nígbà yẹn ká tó wá sọ tèmi.

Mo kà á títí mo fi débi tí ìyá ọmọ inú ìtàn náà kú, omi ti ń bọ́ lójú mi, àfi bí mo ṣe rí i tẹ́nìkan fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé "mo sunkún níbí." Lẹ́tà kéékèèké, ó tẹ pẹ́ńsù yẹn débi pé tí mo bá fọwọ́ pa á mo ṣì ń mọ̀ ọ́n lára.

Bẹ́ẹ̀lì lù, mi ò lè dìde. Mo kọ "èmi náà" sábẹ́ ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin náà ti bá ọ̀rọ̀ ẹnìkan nínú ìwé báyìí rí? Kí lẹ bá ńbẹ̀?