Kòkòrò tó fẹ́ẹ̀ sá mọ́ wa lọ́wọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àgbàlagbà nílé, ẹ gbọ́. Bàbá mi wá kí wa ní London. Ṣàdédé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ lóru, wọ́n ní ká lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti tà tipẹ́! Ẹ̀gbọ́n mi pè láti Ìbàdàn, ó ní ìjà ayé ni. Èmi ò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé próstéètì Bàbá, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, ti wú, ìtọ̀ kì í sì í tán nínú wọn. Kòkòrò inú ìtọ̀ sì lè mú kí àgbàlagbà máa sọ ìsọkúsọ.

Àwọn dókítà yẹ ìtọ̀ náà wò: bébà tí wọ́n ń rì bọ̀ ọ́ ò fi nitrite hàn, ìyẹn kẹ́míkà tí ọ̀pọ̀ kòkòrò inú ìtọ̀ máa ń sọ nitrate dà. Wọ́n gbìn ín sínú àwo ní láàbù kí kòkòrò inú rẹ̀ lè hù, ilẹ̀ mọ́, kò sóhun tó hù. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹnì kan ní láàbù tó ti rí kòkòrò lábẹ́ maikirosikóòpù, tó ní kí wọ́n fi àwo náà síbi tí afẹ́fẹ́ carbon dioxide ti pọ̀, kó pé wákàtí 48. Ló bá hù: bakitéríà kan tó ń jẹ́ Actinotignum schaalii.

Ọdún 1997 ni wọ́n tó ṣàpèjúwe rẹ̀, Actinobaculum ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn. Àgbàlagbà ló sábà máa ń bá jà. Ó lọ́ra láti hù, kì í sọ nitrate di nitrite, oògùn trimethoprim tí wọ́n kọ́kọ́ fún Bàbá kì í sì í sábà ràn án. Oògùn mìíràn, amoxicillin, ló ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí Bàbá fi ń bá mi jà pé ata ò tó nínú ọbẹ̀.