Ọ́ńkù àti Ọmọṣẹ́ Rẹ̀

Ọjọ́ Àìkú ni lónìí, ọjà Ládípọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta páàtì mọ́tò, tì. Bí Ọ́ńkù, àbúrò ìyàwó mi, ṣe kúrò ní máàsì, ilé wa ló gbà wá tààrà. Kò tíì jókòó tí ọmọ mi fi já ọ̀rá ọwọ́ ẹ̀ gbà. Ẹni tó bá rò pé súìtì ló wà nínú ẹ̀ ò mọ àwọn méjèèjì: bóòtù àti nọ́ọ̀tì ni, àlòkù, gbogbo ẹ̀ dà pọ̀, gíríìsì ṣì wà lára wọn. Wọ́n tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ ní bárándà, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́fà yìí ń ya nọ́ḿbà 10 sọ́tọ̀, ó ń ya 12 sọ́tọ̀, ó ń ya 14 sọ́tọ̀, kálukú sínú agolo mílíìkì tirẹ̀. Òun ló sọ fún mi pé sípánà 10 ni wọ́n fi ń tú orí bátìrì mọ́tò.

Bó ṣe ń ṣà á ló ń kà á: otu, abụọ, atọ, anọ, ise. Ìyá ẹ̀ ti bá a fà á títí kó máa sọ Ígbò, kò yà síbẹ̀. Ọ́ńkù ò tiẹ̀ pè é ní ẹ̀kọ́. Ó kàn ń ka bóòtù, ọmọ ń gbè é.

Ìyá mi, Alhaja, máa ń ki ọmọ náà ní Àbẹ̀kẹ́ bó bá ti kírun tán. Nne, ìyẹn "ìyá" lédè Ígbò, ni Ọ́ńkù ń pè é. Lọ́dọ̀ àwọn àna mi ní Nsukka, ọmọ tí ọmọbìnrin ilé bá bí, kíkẹ́ ni wọ́n ń kẹ́ ẹ lágboolé ìyá rẹ̀. Nítorí náà, tí mo bá fẹ́ bá ọmọ yìí wí tí Ọ́ńkù wà níbẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ ló ń sá sí, ẹjọ́ á wá dà lé mi lórí.

Ọ́ńkù náà kéré nígbà tí wọ́n mú un wá sí Mushin kó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan láti ìlú wọn. Ó sìn ín fún ọdún gbọọrọ láìgba owó oṣù; nígbà tó parí, ọ̀gá ló kó owó àti ọjà fún un tó fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ká má purọ́, ètò yẹn wù mí ju tiwa lọ. Tiwa, ọmọṣẹ́ ló máa sanwó, òun náà ló máa se ìrẹsì fírídọ́ọ̀mù fún gbogbo ọ̀gá àdúgbò, bílẹ̀ bá mọ́, kò ní rí owó tó máa fi ra ẹ̀rọ.

Ọmọ mi ti gbọ́ ìtàn yẹn yé. Lónìí ló wá kéde fún wa pé tóun bá sin Ọ́ńkù tán, Ọ́ńkù máa ṣí ṣọ́ọ̀bù fóun.

"Ọmọbìnrin, nídìí páàtì mọ́tò?" Ìyá mi ló ké bẹ́ẹ̀.

"Màmá, ẹ fi í lẹ̀. Ojú ẹ̀ mọ ọjà ju tàwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ."

Mo ní ilé ìwé ńkọ́?

"Ẹ̀gbọ́n, tí ò bá lọ, ta ló máa kọ rìsíìtì fún wa?"

Ọmọṣẹ́ ti kó àwọn agolo ẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì báyìí, ó ní ọjà ọ̀gá òun ni, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Gíríìsì ti ta sí bẹ́díṣíìtì funfun. Ìyá ẹ̀ ò tíì rí i.