Ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ wò tí JasperReports Server bá ń ṣe ségesège

JasperReports Server, sáfà tó ń ṣe ìjábọ̀ láti inú dátábéèsì, inú Tomcat, ètò Java kan, ló ti máa ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mo kọ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé Tomcat tí systemd (ètò tó ń gbé iṣẹ́ dìde lórí Linux) gbé dìde kì í ka ~/.bashrc, fáìlì ètò tẹ́míná yín. Ẹ lè tẹ echo $JAVA_HOME láti wo ibi tí Java wà, kí èsì rẹ̀ dára lójú yín, kí sáfà sì máa lo Java mìíràn. Ojú kan ṣoṣo ni kí ẹ kó gbogbo ètò sí: fáìlì setenv.sh, nínú fódà bin ti Tomcat. Fáìlì yìí kì í bá Tomcat wá, ẹ̀yin lẹ máa dá a sílẹ̀. Tó bá ti wà níbẹ̀, catalina.sh á kà á. Tó bá jẹ́ pé apt lẹ fi gbé Tomcat sórí Ubuntu tàbí Debian, inú /etc/default ni kí ẹ wá fáìlì tirẹ̀ lọ.

Fún kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ jẹ́ 8GB, tí dátábéèsì sì wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú, ohun tí mo máa ń kọ síbẹ̀ nìyí:

export JAVA_HOME=/usr/lib/jvm/java-11-openjdk-amd64
export CATALINA_OPTS="-Xms2g -Xmx3g -Djava.awt.headless=true -Dfile.encoding=UTF-8 -Duser.timezone=Africa/Lagos"

CATALINA_OPTS ni mo kọ, kì í ṣe JAVA_OPTS. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ dá Tomcat dúró, shutdown.sh á tún gbé Java mìíràn dìde, JAVA_OPTS á sì mú kí ìyẹn náà béèrè 2GB lọ́tọ̀. Tí ẹ bá kọ fáìlì náà lórí Windows, ẹ fi sed -i 's/\r$//' setenv.sh fọ̀ ọ́, torí àmì \r tí kò hàn sójú máa ń lẹ̀ mọ́ òpin ìlà.

Ẹ má ṣe rò pé 3g inú -Xmx, ìyẹn òpin heap (mẹ́mọ́rì tí Java ń kó dátà sí), ni gbogbo ohun tí Java máa jẹ. Thread (òpó iṣẹ́ inú Java) kọ̀ọ̀kan lè gba tó 1MB lẹ́yìn rẹ̀, Tomcat sì lè ṣí 200 fún àwọn tó ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá kọ -Xmx7g sórí 8GB, Linux fúnra rẹ̀ ló máa pa sáfà náà. catalina.out, fáìlì àkọsílẹ̀ Tomcat, á kàn dákẹ́ láìsọ ìdí, àfi tí ẹ bá wo dmesg, àkọsílẹ̀ Linux, kí ẹ tó rí "Killed process". Tó bá jẹ́ ìjábọ̀ ẹlẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ojú ìwé ló ń fa ìṣòro, virtualizer tó ń kó ojú ìwé sórí díìsìkì wúlò ju kí ẹ máa fi kún Xmx lọ.

Ọ̀rọ̀ fọ́ǹtì ló dùn mí jù, torí orúkọ èèyàn ló ń bà jẹ́. Helvetica tí PDF ń lò tí ẹ kò bá yan nǹkan kan kò mọ Ọ, ẹ tàbí ṣ. Ṣe ló máa fò wọ́n: Ọlábísí á di "lábísí", Ṣẹ́gun á di "gun". UTF-8 inú setenv.sh kò lè yanjú èyí. Nínú Jaspersoft Studio, ibi tí a ti ń ya ìjábọ̀, ẹ gbé DejaVu Sans kalẹ̀ bí font extension (jar tó gbé fọ́ǹtì dání), ẹ yan Identity-H, ọ̀nà ìkọ tó gba àwọn lẹ́tà Unicode, ẹ sì jẹ́ kí fọ́ǹtì náà wọnú PDF. Lẹ́yìn náà ẹ kó jar rẹ̀ sí WEB-INF/lib ti sáfà, kí ẹ tún Tomcat gbé dìde. Ìjábọ̀ tó ń lo Arial á ṣiṣẹ́ lórí Windows, àmọ́ á kọ̀ lórí Linux tí Arial kò sí. Tí ẹ bá rí NullPointerException tó mẹ́nu kan FontConfiguration, apt install fontconfig ló máa ń tán an.

Ní ti aago, Africa/Lagos ni kí ẹ kọ. Ẹ má kọ Etc/GMT+1, òdìkejì ló túmọ̀ sí: wákàtí kan sẹ́yìn UTC. Bí sáfà bá sì wà lórí UTC, owó tó wọlé ní agogo méjìlá ààbọ̀ òru á bọ́ sínú ìjábọ̀ ọjọ́ àná.

Láti ẹ̀dà 7.5, sáfà ń wá fáìlì kọ́kọ́rọ́ méjì, .jrsks àti .jrsksp, nínú fódà ilé aṣàmúlò tó ń gbé e dìde. Tí ẹ bá fi root gbé e kalẹ̀, tí aṣàmúlò tomcat wá ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, kò ní rí wọn, kò sì ní dìde. Ẹ kó méjèèjì sí fódà tí tomcat lè kà, kí ẹ fi export ks= àti export ksp= tọ́ka sí fódà náà nínú setenv.sh. Ẹ ṣe ẹ̀dà wọn sí ibòmíràn pẹ̀lú, torí àwọn ló ń ṣí pásíwọ́ọ̀dù dátábéèsì tí sáfà tọ́jú.

Lẹ́yìn gbogbo àtúnṣe, Java tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni kí ẹ bi léèrè, kì í ṣe fáìlì: sudo -u tomcat jcmd, nọ́ńbà PID rẹ̀, lẹ́yìn náà VM.system_properties. Ẹ wo user.timezone, file.encoding àti java.home níbẹ̀. Tí ọ̀kan bá yàtọ̀ sí ohun tí ẹ kọ, fáìlì mìíràn ni Tomcat ń kà.