Àwòrán Ìtàgé Lórí Kọ̀ǹpútà: Ohun Tó Máa Ń Bàjẹ́ àti Bí Ẹ Ṣe Máa Tún Un Ṣe

Ẹ̀yin àbúrò wa tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ ìtàgé nílùú Èkó, ẹni tó máa kọ́kọ́ dá iṣẹ́ yín lẹ́jọ́ kì í ṣe olùdarí eré, kì í sì í ṣe òǹwòran. Káfíńtà ni. Bó bá na téèpù rẹ̀, tí iye tó wà lórí bébà kò bá ohun tó wà nílẹ̀ mu, àwòrán náà ti kú nìyẹn, bó ti wù kó dán tó lójú kọ̀ǹpútà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà tí AutoCAD, SketchUp àti Vectorworks, àwọn sọ́fítíwíà tá a fi ń yàwòrán, ń kó bá wa, ibi mẹ́ta ló ti ń wá: ìwọ̀n, ibi tẹ́ ẹ fi òdo sí (0,0, níbi tí gbogbo ìwọ̀n ti ń bẹ̀rẹ̀), àti ohun tó wà nínú fáìlì tí ojú kò rí. Ìwọ̀n ni mo máa pẹ́ sí jù, torí òun ló ń jẹ owó jù.

Ní Èkó, ìwọ̀n méjì là ń lò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ayàwòrán-ilé tó ya gbọ̀ngàn ń lo mìlímítà tàbí mítà. Ẹni tó ń ta pákó ń pe 2 by 3, ẹsẹ̀ bàtà 12. Káfíńtà ń ka íǹṣì. Nítorí náà, bí wọ́n bá fi fáìlì DWG (fáìlì àwòrán AutoCAD) gbọ̀ngàn kan ránṣẹ́ sí yín, ẹ má fa ìlà kankan sí i kẹ́ ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ohun kan tẹ́ ẹ ti fi téèpù wọ̀n fúnra yín. Ẹnu ìtàgé, ìyẹn àlàfo iwájú tí òǹwòran ń gbà wo eré, ló dáa jù, torí àṣìṣe kékeré máa ń hàn lára ohun tó gùn. Ẹ tẹ DIST, àṣẹ tó ń wọn gígùn, ẹ mú un láti etí kan dé èkejì. Ká ní ẹnu ìtàgé náà fẹ̀ tó mítà 10. Bí AutoCAD bá ní 10000, mìlímítà ni wọ́n fi yà á. Bó bá ní 10, mítà ni. Bó bá ní 393.7, íǹṣì ni. Bó bá ní 32.8, ẹsẹ̀ bàtà ni. Ẹ yan gbogbo rẹ̀, ẹ tẹ SCALE, ẹ dúró sórí 0,0, kẹ́ ẹ wá tẹ 1000 bó bá jẹ́ mítà, 25.4 bó bá jẹ́ íǹṣì, 304.8 bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà. Gbogbo rẹ̀ á di mìlímítà.

Bí iye tó jáde kò bá jọ ọ̀kankan nínú wọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ara fọ́tò tàbí PDF ni ẹnì kan ti tọ àwòrán náà. Ẹ lo Reference tó wà lábẹ́ SCALE, ẹ fi ẹnu ìtàgé ṣe òdiwọ̀n. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn jíjìn ìtàgé láti iwájú dé ẹ̀yìn. Àwòrán tí wọ́n tọ̀ lára fọ́tò lè fà sí apá kan ju èkejì lọ, SCALE kò sì lè wo ìyẹn sàn. Bí jíjìn kò bá bá ti téèpù mu, ẹ tún gbọ̀ngàn náà wọ̀n, kẹ́ ẹ sì yà á látìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kan tẹ́ ẹ lò sórí ìyẹn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí kò wọlé.

Ohun kan wà tó máa ń rú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lójú: yíyí UNITS (ètò irú ìwọ̀n) padà kì í yí gígùn ìlà tó wà nílẹ̀ padà. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń sọ fún AutoCAD bó ṣe máa gba block (ìlà tí wọ́n ti kó pọ̀ di ẹyọ kan, bí i àga) tó ń bọ̀ láti inú fáìlì mìíràn. Ìdí nìyẹn tí àga kan fi lè wọlé kó tóbi ju ìtàgé lọ. Ẹ fi INSUNITS, ibi tí AutoCAD ń kọ irú ìwọ̀n fáìlì sí, sí 4, tó jẹ́ mìlímítà, nínú fáìlì yín àti nínú fáìlì tí àga náà ti wá. Bẹ́ ẹ bá ń gbé DWG lọ sínú SketchUp, ẹ ṣí Options lójú ibi tẹ́ ẹ ti ń mú un wọlé, kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín yan mìlímítà. Ẹ má jẹ́ kó ronú fún yín.

Ó kan òdo. Fáìlì tó bá ti ọwọ́ sọ̀féyọ̀ kọjá sábà máa ń jókòó sórí nọ́ńbà ilẹ̀. Èkó wà ní Zone 31 nínú UTM, ètò tí wọ́n fi pín ayé sí àgbègbè fún ìwọ̀n ilẹ̀. Erékùṣù Èkó máa ń bọ́ sí nǹkan bí mítà 540,000 sí ìhà ìlà oòrùn, àti 710,000 sí ìhà àríwá. Ẹ sọ ìkejì yẹn di mìlímítà, ó di 710,000,000. AutoCAD fúnra rẹ̀ lè gbé iye tó gùn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n káàdì tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà kì í sábà rí ju bí i dígíìtì 7 lọ dáadáa, ìyókù á sì dà nù. Òbìríkítí á rí ṣágiṣàgi. Ìlà á máa gbọ̀n bẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn. Hatch (ìlà tó ń kún inú àwòrán) á kọ̀ kò ní kún. Nínú SketchUp, iwájú ògiri á máa gé kúrò bẹ́ ẹ ṣe ń yí àwòrán. Ọ̀pọ̀ á ní kọ̀ǹpútà àwọn ló ti gbó, wọ́n á lọ ra òmíràn ní Computer Village, àrùn náà á sì tẹ̀ lé wọn délé, torí inú fáìlì ló wà.

Òògùn rẹ̀ kò le. Ẹ kọ́kọ́ ṣí gbogbo layer (ìpele tí ìlà wà lórí rẹ̀) tó wà ní freeze (tí a fi pamọ́) tàbí lock (tí a tì), torí ohun tó wà lórí wọn kò ní bá àwọn yòókù lọ. Ẹ wá ibi tí ìlà àárín ìtàgé ti gé ìlà ẹ̀yìn ẹnu ìtàgé kọjá, ẹ yan gbogbo àwòrán, kẹ́ ẹ fi MOVE gbé ibẹ̀ wá sórí 0,0. Ibẹ̀ ni kí gbogbo yín máa ti wọn nǹkan: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ya sẹ́ẹ̀tì, àwọn oníná, àwọn tó ń ṣètò ohùn. Bí òdo gbogbo yín bá jẹ́ ọ̀kan, XREF (fáìlì ẹlòmíràn tẹ́ ẹ so mọ́ tiyín) á jókòó síra wọn láìsí wíwá.

Ohun tí ojú kò rí pọ̀, àmọ́ Z, ìyẹn gíga, ló burú jù. Ìlà méjì á fara kan ara wọn lójú, FILLET á kọ̀ láti so wọ́n, nítorí pé ọ̀kan fi mìlímítà 300 ga ju èkejì lọ. Ẹ tẹ DIST láti orí ọ̀kan sí èkejì, kẹ́ ẹ wo Delta Z. Bí kì í bá ṣe 0, ẹ yan àwọn ìlà náà, ẹ ṣí Properties, ẹ sọ Start Z àti End Z di 0. FLATTEN tó wà nínú Express Tools yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà kẹ́ ẹ tó lò ó, torí ó lè ba ìlà tó tẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ OVERKILL kí ìlà tó sùn lórí ìlà kúrò. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ laser tàbí CNC (ẹ̀rọ agégi tí kọ̀ǹpútà ń darí) ló máa gé iṣẹ́ ọnà náà, ìlà méjì lójú kan túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ á gé e lẹ́ẹ̀mejì, laser á sì jó etí rẹ̀ dúdú.

Ní ti SketchUp, òfin kan ló gba iṣẹ́ là: gbogbo ìlà àti ojú (face) kí ẹ yà á sórí Untagged, group tàbí component (ohun tẹ́ ẹ ti kó pọ̀ di ẹyọ kan) nìkan ni kẹ́ ẹ fún ní tag, àmì tẹ́ ẹ fi ń ṣí nǹkan tàbí pa á. Bí ìlà lásán bá wà lórí tag, tẹ́ ẹ bá pa tag náà, ìlà tẹ́ ẹ kò rí yẹn ṣì so mọ́ ògiri, ẹ lè gbé e tàbí kẹ́ ẹ bà á jẹ́ láìmọ̀. Àga òǹwòran 300, ẹ sọ ọ̀kan di component kẹ́ ẹ tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Bí ọrùn òpó tó ní ọnà wẹ́wẹ́ bá ń jẹ́ kí ojú kan ṣófo, ojú rẹ̀ ló kéré jù fún SketchUp. Ẹ fi Scale sọ ọ́ di ìlọ́po 100, ẹ parí ọnà náà, ẹ dá a padà sí 0.01. Bó bá sì ń fà lọ́wọ́, ẹ lọ sí Model Info, Statistics, Purge Unused, kẹ́ ẹ pa òjìji àti Profiles (ìlà etí tó nípọn) títí ẹ ó fi parí.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lè tọ̀nà délẹ̀ kí pákó má tọ̀nà. Orúkọ pákó kì í ṣe ìwọ̀n pákó. 2 by 3 tẹ́ ẹ rà lè má pé íǹṣì 2 níbì kankan, bẹ́ẹ̀ ni plywood tí wọ́n pè ní 18 lè jẹ́ 17 tàbí kó dín sí i (mìlímítà ni gbogbo iye tí n kò bá dárúkọ ìwọ̀n rẹ̀ láti ibí lọ). Ẹ fi kálípà wọn èyí tẹ́ ẹ rà, iye yẹn ni kẹ́ ẹ fi yàwòrán. Bẹ́ ẹ bá ya férémù ògiri sí 50 tó sì jẹ́ 45 lóòótọ́, férémù mẹ́jọ tó fẹ̀yìn tira á kù 40. Ẹ rántí ayùn pẹ̀lú. Plywood kan jẹ́ 2440 lóròó, 1220 níbùú. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gé e sí ọ̀já 150, ìṣirò á ní 8 wà níbẹ̀, 20 á sì ṣẹ́ kù. Àmọ́ ayùn tó ń jẹ mìlímítà 3 máa gé e nígbà méje, ìyẹn 21. Ọ̀já ìkẹjọ á jáde ní 149. Bó bá jẹ́ àtẹ̀gùn lẹ fẹ́ fi ṣe, ẹsẹ̀ òṣèré á mọ̀ pé ìgbésẹ̀ kan yàtọ̀. Ẹ fi 3 sí àárín gbogbo ègé nínú àwòrán bẹ́ ẹ ṣe máa la plywood.

Ara èèyàn náà ní ìwọ̀n. Àwòrán èèyàn tó wà nínú SketchUp kò wé gèlè, kò sì wọ agbádá. Ilẹ̀kùn 750 tó gba ọkùnrin tó wọ ṣòkòtò á fa agbádá ya lára ìṣó. Ẹ má lọ sísàlẹ̀ 900, bó bá sì jẹ́ ọba àti ìjòyè ló ń wọlé, ẹ ṣe 1200. Gèlè tó ga lè fi 250 kún gíga obìnrin, torí náà ẹ wo abẹ́ àtẹ́rígbà ilẹ̀kùn yín dáadáa. Fún ojú òǹwòran tó jókòó, ẹ fi 1150 sí 1200 ṣe gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ ibi tí àga rẹ̀ wà, kẹ́ ẹ fa ìlà látorí àga ìpẹ̀kun lápá ọ̀tún, lápá òsì àti lẹ́yìn pátápátá. Ohun tí ìlà yẹn bá lù, òǹwòran yẹn kò ní rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ìta gbangba ni, bí i Freedom Park ní Broad Street, oòrùn wà lára àwọn oníná yín. Ẹ fi ibi náà sórí máàpù nínú SketchUp, ẹ fi aago sí UTC+1, ẹ fi àríwá sí ibi tó wà gan-an, kẹ́ ẹ wo òjìji láti aago 4 ìrọ̀lẹ́ lọ. Ní Èkó, oòrùn máa ń wọ̀ láàárín nǹkan bí aago 6:30 sí 7:05 jálẹ̀ ọdún. Eré tó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago 5 lè bá a lójú òṣèré. Ìta gbangba kì í sì í sábà ní ọ̀pá tẹ́ ẹ lè so aṣọ kọ́ sókè bí ti inú gbọ̀ngàn, nítorí náà gbogbo ohun tó bá dúró gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀ àti ẹrù tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú àwòrán, torí atẹ́gùn òjò kì í sọ tẹ́lẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, 1:50 lórí A3 á gba ibi tó tó mítà 21 sí 14.8, A1 lórí 1:25 á gba iye kan náà. Ẹ lock viewport, fèrèsé tí àwòrán ń gbà hàn lórí bébà, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fún un ní ìwọ̀n, nítorí ọwọ́ tó yí máòsì lẹ́ẹ̀kan ti tó láti bà á jẹ́. Ẹ má ya ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kó jáde sórí layer tó ń jẹ́ Defpoints, kì í tẹ̀. Ẹ ya ìlà kan tó jẹ́ mìlímítà 100 gééré sí igun bébà, kẹ́ ẹ sọ fún atẹ̀wé pé kó má lo Fit to Paper. Tó bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ gbé rúlà lé ìlà yẹn níwájú rẹ̀ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ 97, kó tún un tẹ̀. Nínú Dimension Style, ẹ tan Alternate Units kí íǹṣì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mìlímítà, 0.03937 ni ẹ ó fi sọ ọ́ di púpọ̀. Bẹ́ ẹ bá ń fi PDF ránṣẹ́ lórí WhatsApp, Document ni kẹ́ ẹ yàn, ẹ má fi fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà ránṣẹ́.

Iná á lọ, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ sọ SAVETIME di 5, kó máa fi iṣẹ́ pamọ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Bí fáìlì bá kọ̀ láti ṣí, ẹ yí .bak (ẹ̀dà tó ṣáájú tí AutoCAD tọ́jú) di .dwg lórí ẹ̀dà rẹ̀. Bí ìyẹn bá ti pẹ́ jù, ẹ wá .sv$ (èyí tí SAVETIME fi pamọ́) nínú fódà Temp, ẹ yí òun náà padà, ẹ lo RECOVER, lẹ́yìn náà AUDIT àti PURGE. Bẹ́ ẹ bá ń fún ẹlòmíràn ní iṣẹ́, ETRANSMIT ló ń kó XREF, fọ́ǹtì àti fọ́tò pọ̀. Bí sọ́fítíwíà tirẹ̀ bá ti pẹ́, ẹ fi SAVEAS sọ ọ́ di DWG 2013.

Lọ́jọ́ tí sẹ́ẹ̀tì bá ń wọ gbọ̀ngàn, ẹ dé ṣáájú ọkọ̀ pákó. Ẹ wọn ilẹ̀kùn tí ẹrù máa gbà wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ na okùn tẹ́ ẹ ti fi ẹfun kùn sórí ìlà àárín, ẹ ta á, kó fi funfun sílẹ̀. Ẹ fi 3, 4, 5 dán igun ibi tó ti gé ìlà ẹ̀yìn ẹnu ìtàgé wò: mítà 3 lórí ọ̀kan, 4 lórí èkejì, kí ìlà ìdábùú jẹ́ 5 gééré. Láti ibi yẹn ni kẹ́ ẹ ti máa ka àmì gbogbo ẹsẹ̀ ògiri sílẹ̀ kí káfíńtà tó kan ìṣó àkọ́kọ́.