Kí Ayùn Tó Kan Pákó

Bí ẹ bá ń gbèrò láti máa fi ọwọ́ ara yín kan nǹkan nílé, ìbáà ṣe àpótí, àga tàbí ibi ìkówèésí, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé pákó kì í jókòó jẹ́ẹ́. Wọ́n ti gé igi náà lulẹ̀ nínú igbó, wọ́n ti là á, wọ́n ti gbé e dé ọjà, síbẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì tán. Nígbà òjò, ó ń mu omi inú afẹ́fẹ́, ó ń wú. Nígbà ọyẹ́, ó ń gbẹ, ó ń sún kì. Ẹni tó bá ń kan nǹkan tí kò fi èyí sọ́kàn, bó ra ẹ̀rọ tó wọ́n jù lọ, ọyẹ́ tó ń bọ̀ yóò tú iṣẹ́ rẹ̀ wò.

Tísà ni mí n'Ìbàdàn. Láti àárọ̀ Sátidé títí oòrùn yóò fi mú, ẹ̀yìn ilé ni mo máa ń wà pẹ̀lú ayùn àti ìfági. N kì í tà á. Ọ̀pọ̀ ohun tí mo kàn wà nínú ilé wa, ìyókù wà lọ́dọ̀ àwọn àbúrò mi àti àwọn aládùúgbò. Iṣẹ́ yìí ń fún mi ní ìsinmi tí oorun kì í fún mi, torí pé bí ayùn bá ti wọnú igi, ọkàn mi kò lè sí níbòmíràn mọ́.

Tábìlì ìjẹun kan tí a rà lọ́jà ló mú mi wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ìgbà òjò la rà á. Ojú rẹ̀ ń dán, kò sí àlàfo lára rẹ̀ níbì kankan. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó là láàárín, ìró rẹ̀ sì jí wa lóru. Mo pe Bàbá kan tó ń ṣe kápẹ́ńtà ní òpópónà wa. Kò wo ojú tábìlì náà rárá, ńṣe ló ní kí a dojú rẹ̀ délẹ̀.

“Tísà, wo igi mẹ́ta tí wọ́n fi dábùú abẹ́ rẹ̀. Wọ́n kan án pa, wọ́n tún fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Níbo ni kí pákó yìí gbà bó bá fẹ́ sún?”

“Bàbá, kí ló yẹ kí wọ́n ṣe, sà?”

“Kí wọ́n sọ ihò inú igi ìdábùú di gígùn, kí sikúrù lè máa rìn nínú rẹ̀. Pákó tí a kò bá fún láyè, yóò fúnra rẹ̀ wá àyè.”

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Iṣan igi gùn láti ìsàlẹ̀ igi lọ sókè, omi sì wà lára ògiri àwọn iṣan náà. Bí omi yẹn bá ń jáde, iṣan kọ̀ọ̀kan ń tín-ín-rín sí i, ṣùgbọ́n kì í kúrú. Ìdí nìyẹn tí gígùn pákó kò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà rárá láti ọdún dé ọdún, àmọ́ tí fífẹ̀ rẹ̀ ń yí padà ní gbogbo ìgbà. Pákó tó fẹ̀ ní ínǹṣì 12 lè fi tó ìdá kan nínú mẹ́rin ínǹṣì kan dín láàárín ìgbà òjò àti ọyẹ́. Bí ẹ bá wá fi igi mìíràn dábùú rẹ̀, tí ẹ kàn án mọ́ ọn pinpin, igi ìdábùú kò ní dín, pákó fẹ́ dín, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ là.

Nígbà tí mo mọ èyí ni mo tó rí ọgbọ́n inú àpótí ìdáná àwọn ìyá wa, èyí tí wọ́n ń jókòó lé bí wọ́n bá ń ro ọkà. Ẹ gbé ọ̀kan, ẹ wò ó dáadáa. Iṣan pákó orí rẹ̀ gùn láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì. Iṣan pákó ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gùn láti òkè wá sílẹ̀. Nítorí náà, fífẹ̀ orí àti fífẹ̀ ẹsẹ̀ kọjú sí ibì kan náà. Bí ọyẹ́ bá dé, wọ́n jọ ń sún ni. Bí òjò bá dé, wọ́n jọ ń wú. Àpótí lè lo ogún ọdún nítòsí iná àti omi láìlà, nígbà tí tábìlì olówó ńlá kò rí ọdún kan lò. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé àpótí ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọjà pákó Bódìjà ni èmi ti ń ra tèmi. Àwọn ará Èkó mọ Òkò Bàbá n'Ẹ́búté Mẹ́ta, níbi tí ọjà pákó ti wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìrókò ká yín mọ́. Igi ńlá ni, ikán kì í fẹ́ràn rẹ̀, ó dára fún ilẹ̀kùn àti ohun tí òjò yóò máa pa, ṣùgbọ́n kì í ṣe igi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Òkúta máa ń wà nínú rẹ̀, òkúta gidi, irú èròjà kan náà tó wà nínú èèpo ẹyin, èyí tó máa ń dì sínú igi náà níbi tó bá ti fara pa. Ojú kì í rí i láti ìta. Bí ayùn bá kàn án, eyín ayùn ti kú nìyẹn. Ìyẹ̀fun rẹ̀ pẹ̀lú kò dára fún ara: ó máa ń ta imú, ó ń mú ara yún, ó sì lè ru ikọ́ fée sókè lára ẹni tó ní in. Àwọn àgbà ní olúwéré ń gbé inú ìrókò, wọn kì í sì í fojú di igi náà. Èmi náà kì í gé e láìfi nǹkan bo imú àti ẹnu mi.

Arère ló rọ ọwọ́ jù. Ó fúyẹ́, ó funfun, ayùn àti ìfági ń gba inú rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀, kò sì dára síta. Àfàrà le díẹ̀ jù ú lọ, ó sì dára fún àpótí. Igi yòówù kí ẹ mú, ẹ wo etí rẹ̀. Bí igi náà bá jẹ́ irú èyí tí inú rẹ̀ dúdú tí etí rẹ̀ funfun, etí funfun yẹn ni oúnjẹ kòkòrò. Ìyẹ̀fun tí ẹ máa ń rí lábẹ́ àga nílé, ibẹ̀ ló sábà ti ń wá. Ẹ rẹ́ ẹ kúrò.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó pákó lè wá pálẹ́ẹ̀tì, igi pẹrẹsẹ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù wá láti òkè òkun. Ẹ wá òǹtẹ̀ lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ HT, ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀: ìwọ̀n ooru 56 ní Celsius títí dé àárín igi, fún ìṣẹ́jú 30. Èyí dára. Bó bá jẹ́ MB, gáàsì olóró ni wọ́n fi pa á. Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ má sì fi dáná. Èyí tí kò ní òǹtẹ̀ rárá, èmi kì í gbé e wọlé.

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù yóò rí ìrókò, ìdígbò àti òpèpè lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta igi gẹdú níbẹ̀. Inú ẹ̀rọ ni wọ́n ti sábà ń gbẹ tiwọn, nítorí náà kò nílò ìdúró tí mo fẹ́ sọ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹ̀rọ amúlémóoru tí ẹ ń tàn lásìkò òtútù ń ṣe iṣẹ́ ọyẹ́ nínú ilé yín.

Ní tiwa níbí, pákó tí wọ́n bá tà fún yín lọ́jà, ẹ kà á sí tútù, ohun yòówù kí ẹni tó tà á sọ. Ibi tí sùúrù ti tán fún ọ̀pọ̀ ènìyàn nìyí, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Ẹ wá ibi tí òrùlé wà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Oòrùn gan-an kò gbọ́dọ̀ pa á. Ẹ gbé pákó àkọ́kọ́ sórí búlọ́ọ̀kù kí ó má kan ilẹ̀. Ẹ to igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó nípọn ní ínǹṣì kan sórí rẹ̀, kí ẹsẹ̀ bàtà méjì wà láàárín ọ̀kan àti èkejì, kí ẹ tó gbé pákó mìíràn lé e. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ òkè gbọ́dọ̀ dúró lórí ti ìsàlẹ̀ gẹ́lẹ́, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ pákó yóò tẹ̀. Ẹ gbé nǹkan wúwo lé gbogbo rẹ̀ lórí. Ẹ fi ọ̀dà tó ṣẹ́kù nílé kun ojú orí àti ìdí pákó kọ̀ọ̀kan, níbi tí wọ́n ti gé e, nítorí ibẹ̀ ni omi ti ń yára jáde jù, ibẹ̀ ni yóò sì ti kọ́kọ́ sán.

Àwọn ará ilẹ̀ tútù máa ń sọ pé ọdún kan ni ínǹṣì kan fi ń gbẹ. Níhìn-ín kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Pákó ínǹṣì kan lè ṣe tán láàárín oṣù mélòó kan bí ẹ̀ẹ̀rùn bá bọ́ sí àárín rẹ̀. Ọ̀nà tí mo fi ń mọ̀ ni èyí. Mo máa ń gé ègé kékeré láti àárín pákó kan, mo ń kun ojú ibi tí mo ti gé e, mo sì ń fi í sáàárín àwọn yòókù. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo ń gbé e sórí ìwọ̀n tí a fi ń wọn fúláwà nílé ìdáná, mo sì ń fi pẹ́ńsù kọ ohun tó wọ̀n sí ara rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, nọ́ḿbà náà ń já wálẹ̀ kíákíá. Tó bá yá, á máa já díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti dúró sójú kan, pákó ti bá afẹ́fẹ́ ilé yín mu, ẹ lè gbé ayùn. Mo fẹ́ràn kíka àwọn nọ́ḿbà yẹn tayọ ohun tí ẹnikẹ́ni lè rò. Lára wọn ni mo ti ń rí omi tó ń kúrò nínú igi.

Irinṣẹ́ kò pọ̀: ayùn ọwọ́ kan, ìfági kan, òòlù, téèpù, irin tí a fi ń wo igun, ohun tí a fi ń lu ihò, kíláàmpù méjì, fáìlì tí a fi ń pọ́n eyín ayùn. Ẹ ra ayùn tó dára, ẹ lè tọrọ ìyókù ná.

Àpótí tí mo máa ń kàn, orí rẹ̀ gùn ní ínǹṣì 14, ó fẹ̀ ní 9. Ẹsẹ̀ méjèèjì ga ní 8, wọ́n fẹ̀ ní 7. Igi méjì tó gùn ní 12, tó fẹ̀ ní 2, ni mo fi ń so ẹsẹ̀ pọ̀ níwájú àti lẹ́yìn, lókè pátápátá. Ínǹṣì kan ni gbogbo wọn nípọn, nítorí náà 7 pẹ̀lú igi méjì yẹn di 9, ó bá orí mu ṣánṣán. Pákó kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12 tó àpótí mẹ́ta.

Bí ẹ bá fẹ́ gé e, ọ̀bẹ ni kí ẹ fi fa ìlà, kì í ṣe pẹ́ńsù nìkan. Ọ̀bẹ ń gé iṣan òkè sílẹ̀ kí ayùn tó dé, ojú rẹ̀ kì í ya jàgàjàgà. Ẹ fi àtàńpàkò ti ẹ̀gbẹ́ ayùn, ẹ kọ́kọ́ fà á sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta kí ó lè rí ojú ọ̀nà, lẹ́yìn náà kí ẹ mú àtàńpàkò kúrò, kí ẹ máa fi gbogbo gígùn ayùn rẹ́ ẹ. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ayùn tó mú kò nílò agbára. Lu ihò kí sikúrù tó wọlé, fi ọṣẹ pa ojú sikúrù. Gọ́ọ̀mù funfun ń mú dáadáa níbi tí iṣan igi bá ti sùn ti ara wọn. Lórí ojú ibi tí wọ́n ti gé iṣan, kò ní agbára, nítorí náà igi ìsopọ̀ ni kí ẹ de orí àpótí mọ́, kì í ṣe orí ẹsẹ̀. Kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ, ẹ wọ̀n ọ́n láti igun kan dé igun tó dojú kọ ọ́, kí ẹ wọn èkejì. Bí méjèèjì bá dọ́gba, kò wọ́.

Àwọn kan ń bi mí pé ṣé mo fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu kápẹ́ńtà ni. Rárá o. Láti ìgbà tí mo ti mọ ohun tí iṣẹ́ yìí ń gbà, n kì í ná iṣẹ́ Bàbá ní ìnákúnàá mọ́. Ilẹ̀kùn ilé wa, òun ló ṣe é, mo sì san iye tó pè.

Fífá àti dídán ló kù. Àwọn agbẹ́gilére ayé àtijọ́ máa ń fi ewé ìpín ha igi, ó sì ń dán lóòótọ́. Sáńpépà ni mo ń lò, èyí tó le ṣáájú, èyí tó kúnná tẹ̀ lé e. Ìhà tí iṣan igi bá kọ sí ni kí ẹ máa ha á sí. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún, irun igi yóò dìde. Bó bá gbẹ, ẹ tún un ha. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi òróró linseed, òróró irúgbìn kan tí a fi ń kun igi, pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ nu èyí tí igi kò bá mu kúrò, kí ẹ sì tún un ṣe bó bá ti gbẹ.

Àkísà tí ẹ fi pa òróró yẹn, ẹ má ká a jọ, ẹ má sì jù ú sí igun ilé tàbí sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Bí òróró yẹn bá ń gbẹ, ó ń mú ooru jáde, bí aṣọ bá sì ká jọ, ooru yẹn kò rí ibi gbà, ó lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣá ìṣáná sí i. Ẹ rì í sínú omi, tàbí kí ẹ tẹ́ ẹ síta ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, jìnnà sí ilé, títí yóò fi gbẹ gan. Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó ṣan ọwọ́, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni wá wo àpótí.