Ẹ Yẹ Flux Yín Wò Kí Ẹ Tó So Nǹkan Mọ́ Ọn

Ẹni tó bá ní ìkànnì, ì báà jẹ́ ní Àjàṣẹ́, ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ, ó ṣeé ṣe kí ó ti ní flux RSS láìmọ̀, ìyẹn fáìlì tí ẹ̀rọ ń kà láti mọ ọ̀rọ̀ tuntun tó wà lórí ìkànnì náà. WordPress àti Blogger ń ṣe é fúnra wọn. Bí ìkànnì yín bá jẹ́ ti WordPress, ẹ fi /feed/ kún ìdí àdírẹ́sì rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Blogger, /feeds/posts/default ni. Ohun tí yóò jáde kò wu ojú. Ó dà bí ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n gún níṣẹ́ ọnà, okùn ló kún un. Okùn yẹn gan-an sì ni ẹ̀rọ ń kà: àkọlé, líǹkì, ọjọ́, àti ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, èyí tó dé kẹ́yìn lókè.

Àwọn kan ní RSS ti kú látìgbà tí Google ti Google Reader, ohun èlò tí wọ́n fi ń ka flux, pa ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 2013. Kò kú o. Apple Podcasts ṣì ń kó ètò ohùn láti inú rẹ̀ títí dòní. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, flux á gbé e dé inú létà ímeèlì àwọn oníbàárà, dé Telegram, dé Feedly tàbí Inoreader, àwọn tó jọ Google Reader, lọ́wọ́ ẹni tó ń tẹ̀ lé yín. Àṣìṣe inú rẹ̀ náà ń bá a dé gbogbo ibẹ̀. Létà tó bá sì ti wọ àpótí oníbàárà, kò sí bí a ṣe lè pè é padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé kí ènìyàn yẹ flux wò dáadáa ná.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà. Ẹ lọ sí validator.w3.org/feed, ẹ fi àdírẹ́sì flux yín síbẹ̀, yóò tọ́ka ìlà tí àṣìṣe wà fún yín, ọ̀fẹ́ sì ni. Àwa tó ń kọ Yorùbá àti Faransé pọ̀ ni ọ̀rọ̀ lẹ́tà yìí ń bá fínra jù. Bí ẹ bá rí áº¹ níbi tí ẹ kọ ẹ sí, tí ṣ di á¹£, UTF-8, ètò lẹ́tà tó gba gbogbo èdè, ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan lójú ọ̀nà ń kà á bíi ISO-8859-1. Ètò lẹ́tà àtijọ́ nìyẹn: ó gba é àti ç ti Faransé, kò ní àyè fún ẹ, ọ àti ṣ. Ìlà àkọ́kọ́ flux gbọ́dọ̀ ní encoding="UTF-8", kí dátábéèsì náà, ibi tí ìkànnì ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sí, sì jẹ́ utf8mb4, ìyẹn UTF-8 ti MySQL.

&eacute; tún wà. Nínú HTML, èdè tí a fi ń kọ ojú-ìwé ìkànnì, ó ń di é láìsí wàhálà. XML, èdè tí a fi ń kọ flux, kò mọ̀ ọ́n rárá; márùn-ún péré ló mọ̀: &amp;, &lt;, &gt;, &quot; àti &apos;. Ẹni tó bá fọwọ́ ṣe flux tirẹ̀, tó wá da àkọlé Faransé kọ sínú rẹ̀ láti inú HTML, &eacute; kan ṣoṣo ti tó láti mú kí gbogbo flux dákẹ́. Lẹ́tà é gan-an ni kí ẹ tẹ̀. & tó dá dúró náà ń fa ìjàǹbá kan náà: «Aṣọ & Bàtà» gbọ́dọ̀ jẹ́ «Aṣọ &amp; Bàtà». Ìlà òfìfo kan ṣáájú <?xml náà tó láti bà á jẹ́. Nínú WordPress, ìdí fáìlì functions.php ni ìlà yẹn sábà ń ti wá, lẹ́yìn ?>. Ẹ yọ ?> ìkẹyìn yẹn kúrò, PHP kò nílò rẹ̀ níbẹ̀.

Èyí tó ń dójú ti ènìyàn jù lọ ni guid. Òun ni orúkọ tí ẹ̀rọ fi ń dá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ẹ̀rọ kò bìkítà bí ẹ bá tún àkọlé kọ: bó bá ti rí guid náà rí, á fò ó, bí kò bá rí i rí, tuntun ni lójú rẹ̀. Ó máa ń rí báyìí nínú WordPress:

<guid isPermaLink="false">https://example.com/?p=412</guid>

Ẹ lè yí àkọlé padà, ẹ lè yí líǹkì padà, guid á dúró síbẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá ń kó ìkànnì lọ sí àdírẹ́sì tuntun, tàbí láti http sí https, ni ọ̀rọ̀ ń bẹ́yìn yọ. Ẹni tó ń bá yín ṣe é á pàrọ̀ àdírẹ́sì àtijọ́ sí tuntun káàkiri dátábéèsì, á sì gbàgbé láti yọ guid sílẹ̀. Gbogbo guid yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ mẹ́wàá àtijọ́ tí flux ń gbé di tuntun, Telegram á da mẹ́wẹ̀ẹ̀wá síta, oníbàárà á máa ka ìkéde àgbò Iléyá èṣín. Bí wp search-replace, àṣẹ WordPress tó ń ṣe irú ìpàrọ̀ bẹ́ẹ̀, ni wọ́n ń lò, --skip-columns=guid ni kí wọ́n fi kún un.

Ó ku aago. Nínú WordPress, ẹ lọ sí Réglages, Général, Fuseau horaire, kí ẹ yan Porto-Novo. Àjàṣẹ́ ìlú wa nìyẹn, òun ló wà nínú àtòkọ yẹn fún gbogbo Benin, kì í ṣe Cotonou. Ẹ jẹ́ kí inú wa dùn sí i díẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ sí UTC+0, ohun tí ẹ ní kó jáde ní aago mẹ́jọ á jáde ní mẹ́sàn-án. Àmọ́ bí ẹ bá rí 07:00:00 +0000 nínú pubDate, ìyẹn ọjọ́ àti aago ìjáde inú flux, ẹ má fòyà, aago mẹ́jọ wa náà nìyẹn. Ohun tó tún yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí a dá àsìkò fún nínú WordPress kì í jí fúnra rẹ̀, ìgbà tí àlejò bá wọ ìkànnì ló ń jí. Ìkànnì kékeré tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ títí di aago mẹ́wàá, mẹ́wàá ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ á jáde. Bí ẹ̀rọ tó ń fi létà ránṣẹ́ bá ti wo flux ní mẹ́sàn-án tí kò rí nǹkan, ó di ọ̀la. Ẹ ní kí ẹni tó ń bójú tó ìkànnì yín ṣe cron gidi, aago tó ń pe iṣẹ́ fúnra rẹ̀, tí yóò máa pe wp-cron.php ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì fi wákàtí méjì sáàárín ìjáde ọ̀rọ̀ àti létà.

Nínú Réglages, Lecture, wọn á bi yín bóyá le texte complet (odindi ọ̀rọ̀) tàbí l'extrait (àyọkà rẹ̀) ni kí flux gbé. Texte complet ni mo fara mọ́. Ẹni tó ń ka nǹkan lórí Feedly kò fẹ́ kí wọ́n máa lé òun kiri. Ṣùgbọ́n nínú létà ímeèlì, extrait ni kí ẹ lò, torí Gmail ń gé létà tí HTML rẹ̀ bá ti kọjá 102 KB. Flux tó ní texte complet gbé méjèèjì: extrait wà nínú description, odindi wà nínú content:encoded. Inú àwòṣe létà ni ẹ ó ti yan èyí tó wù yín.

Bí ẹ kò bá kọ extrait fúnra yín, WordPress á gé ọ̀rọ̀ márùndínlọ́gọ́ta àkọ́kọ́. Ẹ sì mọ bí àwa ṣe ń bẹ̀rẹ̀: ẹ kú ọjà, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́. Kí a tó kí ara tán, márùndínlọ́gọ́ta ti pé, oníbàárà kò sì tíì mọ ohun tí ẹ ń tà. Ẹ kọ ọ́ sínú àpótí Extrait báyìí: «Kaṣú tuntun ti dé sí Ṣábẹ, àpò ọgọ́rin kílò. Ẹ pè wá kí Jímọ̀ tó kọjá.» Kí ìkíni wà nínú ọ̀rọ̀ gan-an.

Ẹni tó ń ra kaṣú kò fẹ́ gbọ́ ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Kétu lójoojúmọ́. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ní flux tirẹ̀, bíi /category/kasu/feed/. Èyí ni kí ẹ so mọ́ létà àwọn oníṣòwò. Mẹ́wàá ni flux ń gbé bí ẹ kò bá yí i padà. Bí ẹ bá gbé méjìlá jáde lóòjọ́, tí létà sì ń wò ó lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, méjì ti ṣubú kí ó tó dé.

WhatsApp kì í gba flux ní tààrà. Ẹ fọwọ́ da líǹkì kọ síbẹ̀. Ti ojú-ìwé Facebook, IFTTT tàbí Zapier lè bá yín gbé e. Ẹ fi utm_source sí líǹkì ibi kọ̀ọ̀kan kí ẹ lè mọ ibi tí àlejò ti wá; bí flux tí ẹ fọwọ́ kọ bá gbé utm méjì, &amp; ló ń wà láàárín wọn.

Àwọn tó ń ṣe ètò ohùn, enclosure, àmì tó ń gbé fáìlì ohùn sínú flux, ń béèrè nǹkan mẹ́ta: url, type (audio/mpeg fún MP3), àti length, tí í ṣe iye bytes, kì í ṣe iye ìṣẹ́jú. Ètò ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní 64 kbps jẹ́ nǹkan bíi 14,4 MB. Ní 128, ó di ìlọ́po méjì. Fún ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, 64 tó, ẹni tó ń ra mẹ́gà díẹ̀díẹ̀ á dúpẹ́.

Ẹ má gbé àdírẹ́sì flux yín sábẹ́ orúkọ ẹlòmíì. FeedBurner ti Google, tó ń bá ènìyàn gbé flux, dá fífi létà ránṣẹ́ dúró ní 2021, àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé e ní láti wá ibòmíràn. Orúkọ tí ẹ rà fúnra yín ni kó wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá sì kó kúrò níbẹ̀, ẹ fi 301, àmì pé àdírẹ́sì ti kó lọ pátápátá, darí flux àtijọ́ sí tuntun, kí ẹ sì máa san owó orúkọ àtijọ́ náà fún ọdún kan ó kéré tán, torí àwọn tó ń tẹ̀ lé yín kì í mọ̀ pé ẹ ti kó.