Ẹ kọ́ ọmọ yín ní "Rárá, sà" kí ó tó dé àpótí ẹlẹ́rìí

Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí, nítorí náà kí ẹ̀yin tí ọmọ yín fẹ́ jẹ́rìí nílé ẹjọ́ má bínú bí ohùn mi bá le. Ọmọ àbúrò mi, ọmọbìnrin ọdún 11, wà nínú ìsọ̀ nígbà tí ọkùnrin kan fi ìgò ṣe ìyá rẹ̀ léṣe, òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sì ni agbẹjọ́rò ìjọba pè wá jẹ́rìí ní ilé ẹjọ́ kan nílẹ̀ Ìjẹ̀bú níbí.

Bí ọmọ náà ṣe wọ inú àpótí ẹlẹ́rìí, ó kúnlẹ̀ kí adájọ́ gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ ọ nílé, pákó àpótí sì bò ó pátápátá, títí akọ̀wé kóòtù fi ní kí ó dìde. Adájọ́ bi í léèrè nípa ilé ìwé rẹ̀ àti ìdí tí irọ́ pípa kò fi dára. Ohun tó fà á ni pé, lábẹ́ Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 kì í búra. Bí adájọ́ bá rí i pé ó lóye, tó sì mọ̀ pé òótọ́ ló yẹ kí òun sọ, yóò gbọ́ ẹ̀rí rẹ̀ láìbúra. Ìyẹn lọ wẹ́rẹ́.

Nígbà tí agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ dìde ni ọ̀ràn dé. Àgbàlagbà ni, ohùn rẹ̀ tutù, kò jágbe mọ́ ọmọ rárá. "Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà náà, àbí?" "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." "Àwọn ará ilé ló sọ fún ọ pé ọkùnrin yìí ni, àbí?" "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ọ̀sán gangan ni ìjà náà ṣẹlẹ̀! Adájọ́ ń fi ọwọ́ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á dúró kí ó kọ ọ́ tán, wọ́n á tún bi òmíràn, ọmọ náà á sì tún tẹ orí ba pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo jókòó lẹ́yìn, n kò gbọdọ̀ la ẹnu. Ọmọ yẹn kò purọ́. Ọ̀wọ̀ ló ń bù fún àgbà, nítorí a ti kọ́ ọ pé ọmọdé kì í já àgbà nírọ́. Òfin sì gba agbẹjọ́rò náà láyè láti béèrè bẹ́ẹ̀.

Kí ó tó kan àbúrò rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi í nínú ilé pé, "Ẹ̀bà la jẹ lánàá, àbí?" títí ó fi ń dá mi lóhùn láìbẹ̀rù pé, "Rárá, mà, ìkọ́kọrẹ́ ni." (Àwọn kan ní mo ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀rí. N kò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ ìsọ̀ náà rí; oúnjẹ la ń sọ.) Mo tún kọ́ ọ pé "n kò mọ̀" àti "ìbéèrè náà kò yé mi" kì í ṣe àfojúdi. Nígbà tó kàn án, ó wí pé, "Rárá, sà, oòrùn ń ràn."

Ẹ bẹ agbẹjọ́rò ìjọba kí ó mú ọmọ wo kóòtù ṣáájú, kí ó mọ ibi tí olúkúlùkù ń jókòó, kí ẹ sì gbé oúnjẹ dání, torí wọ́n lè sún ẹjọ́ síwájú lẹ́yìn tí ẹ ti jókòó títí ọ̀sán. Ṣùgbọ́n "Rárá, sà" yẹn ni kí ẹ fi ṣáájú, nítorí ẹ̀rí ọmọ ti fúyẹ́ tẹ́lẹ̀, kò yẹ kí "bẹ́ẹ̀ ni, sà" tún bà á jẹ́: ilé ẹjọ́ kò lè fi ẹ̀rí ọmọ tí kò búra nìkan dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, àfi bí ẹ̀rí pàtàkì mìíràn bá gbè é lẹ́sẹ̀. Tiwa ní ìwé dókítà. Ẹjọ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́.